Ìjọba ni àbí ọjà? Ìdáhùn sí àbúrò wa ní Georgia lórí iná núkílíà

Àbúrò wa kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta ló kọ̀wé sí mi báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí rìákítọ̀ tuntun méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe iná núkílíà, ní ibùdó Vogtle ni bíìlì iná wa ní Georgia ti ń gòkè. Àna mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní òfin ìjọba ló ba iná núkílíà jẹ́, pé bí ìjọba bá lè yọwọ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjà, iná ọ̀hún á pọ̀, á sì wà lówó pọ́ọ́kú. Èmi ní ohun tó lè pa odidi ìlú run báyẹn, ṣe ló yẹ kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò pátápátá. A jiyàn títí ọbẹ̀ fi tutù. Ta ló jàre nínú wa?”

Àbúrò mi, ẹ kú iyàn jíjà. Mi ò tíì ní dá ẹnikẹ́ni láre, torí ibi tí ẹ̀yin méjèèjì gbé ọ̀rọ̀ náà kà gan-an ló wọ́. Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìjọba dá dúró lọ́tọ̀, ọjà náà dá dúró lọ́tọ̀, kéèyàn sì mú ọ̀kan. Nínú iṣẹ́ iná núkílíà ní Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì ò fìgbà kan tú ká láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba oníṣòwò láàyè níbẹ̀. Ìbéèrè tí èmi máa ń béèrè kúrú ju tiyín lọ: bí nǹkan bá yíwọ́, àpò ta ni owó yóò ti jáde?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òfin ọdún 1946 kó gbogbo ohun tó jẹ mọ́ átọ́míìkì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Oníṣòwò kankan ò gbọdọ̀ ní rìákítọ̀ tirẹ̀. Ní 1954 ni wọ́n tún òfin náà kọ, tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún aládàáni. Ohun tí àna rẹ ń fẹ́ nìyẹn, àbí? Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn iléeṣẹ́ iná dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yọjú wo inú ilé. Ohun tó dá wọn dúró kì í ṣe òfin. Àwọn adójútòfò ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ rìákítọ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò bá a ru ẹrù ìjàm̀bá. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò kóra jọ, wọ́n tú àpò wọn wò, wọ́n ní gbogbo ohun tí àwọn lè dà pọ̀ lórí rìákítọ̀ kan ò ju 60 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Lọ́dún 1957, ìwádìí tí ilé ìwádìí Brookhaven ṣe fún ìjọba ní bí èyí tó burú jù bá ṣẹlẹ̀, dúkìá tí yóò bàjẹ́ lè tó 7 bílíọ̀nù dọ́là. Fi 60 mílíọ̀nù ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ 7 bílíọ̀nù kí o wò ó. Ọjà ti sọ̀rọ̀ lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ohun tó sì sọ ni pé: “Ẹrù yìí wúwo jù fún mi.”

Bí òfin Price-Anderson ṣe wáyé nìyẹn, ní 1957 kan náà. Ìjọba fi 500 mílíọ̀nù kún 60 tàwọn adójútòfò, ó di 560 mílíọ̀nù, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé ohunkóhun tó bá lé lórí ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe é, kí ọmọ tuntun náà fi mọ ìrìn rìn. Ọmọ ọ̀hún ti di bàbá àgbà. Ní 2024 ni wọ́n tún sún òfin náà síwájú, títí di 2065.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ètò náà ti yàtọ̀. Lónìí, ibùdó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ra ìdójútòfò 500 mílíọ̀nù dọ́là fúnra rẹ̀. Bí ìjàm̀bá bá ju ìyẹn lọ, gbogbo rìákítọ̀ tó wà lórílẹ̀-èdè náà ni yóò dáwó, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá ju 150 mílíọ̀nù lọ. Ó jọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ìgbà tí òfò bá ṣẹ ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n tó ń gbé igbá owó káàkiri. Àpapọ̀ rẹ̀ tó bílíọ̀nù 16 dọ́là. Owó ńlá ni lójú. Àmọ́ ní 2016, ìjọba Japan ṣírò ohun tí ìjàm̀bá rìákítọ̀ Fukushima máa ná wọn sí tírílíọ̀nù 21.5 yẹ́ẹ̀nì, èyí tó ju bílíọ̀nù 180 dọ́là lọ nígbà náà. Nítorí náà, nígbà tí àna rẹ bá tún ní kí ìjọba yọwọ́, bi wọ́n tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kí wọ́n yọwọ́ níbi Price-Anderson náà. Àwọn tí wọ́n ń pariwo ọjà jù kì í fẹ́ dé orí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó kan ìwọ náà wàyí. O ní kí ìjọba gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti gbà á rí. Ní Soviet, ìjọba ló ya àwòrán rìákítọ̀ irú ti Chernobyl, òun ló kọ́ ọ, òun ló ń tà á, òun náà ló ń ṣọ́ ọ. Wọ́n rí àléébù ara ọ̀pá ìdádúró rẹ̀ ní Ignalina lọ́dún 1983: ọ̀pá tó yẹ kó pa iná náà lè kọ́kọ́ mú un ru sókè ná. Wọn ò sọ ọ́ fáwọn tó ń fọwọ́ wa ẹ̀rọ náà ní Chernobyl bó ṣe yẹ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1986, wọ́n tẹ bọ́tìnì láti pa á, ṣe ló bú gbàù. Ní Japan ńkọ́? Oníṣòwò ló ni Fukushima, ṣùgbọ́n àjọ tó ń ṣọ́ wọn, abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń polówó iná núkílíà gan-an ló wà. Ẹni tó ń ta ẹran ni wọ́n fi ṣe wolé-wolé. Lẹ́yìn tí ilé ti jó ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, ní 2012. Amẹ́ríkà náà jẹ̀bi irú ẹ̀ rí. Àjọ kan ṣoṣo ló ń gbé núkílíà lárugẹ tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò títí wọ́n fi fòfin tú u ká ní 1974, tí NRC, àjọ tó ń mójú tó ààbò rìákítọ̀, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975.

Mo fẹ́ mú yín lọ sí ibì kan tí ẹ̀yin méjèèjì máa ti rí ara yín. Davis-Besse lorúkọ rẹ̀, létí adágún Erie ní ìpínlẹ̀ Ohio. Iléeṣẹ́ iná FirstEnergy ló ni ín nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Omi tó ń yí nínú rìákítọ̀ irú èyí ní ásíìdì kan nínú, tí wọ́n fi ń darí bó ṣe ń gbóná sí. Bí omi bá ń jò, á gbẹ, á sì fi ohun funfun sílẹ̀ bí iyọ̀. Bí iyọ̀ yẹn àti ọ̀rinrin bá jókòó sórí irin lásán, wọ́n á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 2000, wọ́n ya fọ́tò orí rìákítọ̀ náà. Ìpẹtà pupa ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀ bí epo tó dà sára ìkòkò. Nínú ilé rìákítọ̀ náà, asẹ́ ara ẹ̀rọ tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò bẹ̀rẹ̀ sí í dí fún ìyẹ̀fun ìpẹtà yìí, débi pé nígbà mìíràn ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi ń lo ọ̀kan kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ló ń lọ pààrọ̀ asẹ́ yẹn. Ó ń rí àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi òmíràn sí i, iṣẹ́ á tẹ̀ síwájú.

Ní oṣù Kẹjọ 2001, nígbà tí wọ́n ti rí i pé irin ti ń sán ní irú ibi bẹ́ẹ̀ lára àwọn rìákítọ̀ mìíràn, NRC ní kí àwọn tọ́rọ̀ kàn yẹ tiwọn wò kó tó di 31 oṣù Kejìlá. FirstEnergy bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti ṣètò láti pa á ní ìparí oṣù Kẹta 2002 kí wọ́n fi pààrọ̀ epo rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí gbogbo ọjọ́ tí rìákítọ̀ bá kú, owó ńlá ló ń bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ NRC ti kọ ìwé tí wọn ì bá fi pa á sílẹ̀. Wọn ò fi ránṣẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n dúnàádúrà bí ẹni ń ra tòmátì, wọ́n sì pàdé láàárín: 16 oṣù Kejì.

Nígbà tí wọ́n pa á tán, tí wọ́n ń tún ọ̀kan nínú àwọn páìpù tó gba orí rẹ̀ wọlé ṣe ní oṣù Kẹta, páìpù ọ̀hún yẹ̀ bí eyín tó ń mì. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ mì, torí irin tó nípọn ju ínṣì mẹ́fà lọ ló yẹ kó dì í mú. Wọ́n ro ìdọ̀tí ìdí rẹ̀ kúrò, wọ́n bá ihò tó tó ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ásíìdì ti jẹ gbogbo irin náà tán. Ohun tó kù kò ju awọ irin aláìpẹtà tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ lọ, kò nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì ti ń wú síta. Táyà mọ́tò rẹ máa ń gbà tó pọ́n-ùn 35 lórí ínṣì kan. Ohun tó ń ti awọ yẹn látinú ju pọ́n-ùn 2,000 lọ.

Lọ́dún yẹn náà, ẹ̀ka tó ń ṣàyẹ̀wò NRC láti inú kọ̀wé pé ohun tó mú àjọ náà gbà kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ ní pàtàkì ni pé wọn ò fẹ́ kí ìnáwó wọ iléeṣẹ́ náà lára jù. Ká máa gbọ́ o! Àjọ tí àna rẹ ń pè ní ọ̀tá oníṣòwò, àánú àpò oníṣòwò ló ń ṣe é. FirstEnergy tó ń ṣọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan pàdánù ọdún méjì. Oṣù Kẹta 2004 ni rìákítọ̀ náà tó tún ta iná, ó sì ná wọn tó 600 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2006 wọ́n tún san 28 mílíọ̀nù nítorí irọ́ tí wọ́n fi sínú ìwé tí wọ́n kọ sí NRC.

Èmi kì í fi ìtàn yìí dá ìjọba lẹ́bi nìkan, mi ò sì fi dá oníṣòwò lẹ́bi nìkan. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni asẹ́ yẹn. Kò sí òfin tó lè rọ́pò ẹni tí yóò mú asẹ́ pupa wá sórí tábìlì ọ̀gá kó ní, “Ọ̀gá, ẹ wo nǹkan yìí.” Iye owó ọjà náà ò ní sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn Three Mile Island wù mí. Ní 28 oṣù Kẹta 1979, ìdajì inú rìákítọ̀ kejì yọ́ níbẹ̀, ní Pennsylvania. Gbogbo iléeṣẹ́ iná núkílíà tó kù rí i pé àwọn ti wọ gàù lórí ohun tí àwọn ò ṣe. Àwọn bàbá wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n fọwọ́ ara wọn dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ INPO. Àwọn ẹnjiníà láti iléeṣẹ́ mìíràn á wá sí tìrẹ, wọ́n á bá ọ gbé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe é gan-an, wọ́n á sì fún ọ ní máàkì. Máàkì ọ̀hún, níwájú àwọn ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ yòókù ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Kí ojú má tì ọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ, o ò ní fi asẹ́ pupa pamọ́. Ó tún kan owó: ẹgbẹ́ adójútòfò tí àwọn iléeṣẹ́ náà jọ ní máa ń wo máàkì yẹn kí wọ́n tó sọ iye tí kálukú máa san. Kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe ọjà bí àna rẹ ṣe ń pè é. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni, bí ìgbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ bá ń ṣọ́ ara wọn kí ẹnì kan má ba orúkọ gbogbo wọn jẹ́. Iṣẹ́ àwọn rìákítọ̀ Amẹ́ríkà sàn gan-an lẹ́yìn 1979. Síbẹ̀ Davis-Besse ṣẹlẹ̀ lójú INPO náà.

Ǹjẹ́ òfin kì í wọ́n? Ó wọ́n. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ẹ̀rọ wò. Fáàfù kan wà tí kò ju ìkúùkù mi lọ, ìwé tó bá a wá wọ̀n ju òun fúnra rẹ̀ lọ: ibi tí wọ́n ti yọ́ irin rẹ̀, ẹni tó jó o, ẹni tó yẹ jíjó náà wò, ẹni tó yẹ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò wò. Ní Vogtle lọ́dún 2012, wọ́n ti ń to ọ̀pá irin tí kọnkéré ìpìlẹ̀ máa bò nígbà tí NRC rí i pé bí wọ́n ṣe tò ó ò bá àwòrán tí wọ́n gbàṣẹ lé lórí mu. Kò sẹ́ni tó ní ọ̀pá irin náà ò lágbára. Ohun tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé, ó parí. Oṣù mélòó kan lọ síbẹ̀, wọ́n tún ìwé ṣe, wọ́n tún irin ṣe, wọn ò sì da kọnkéré náà títí di oṣù Kẹta 2013. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ní “ẹ dúró ná”, kò sẹ́ni tó máa bú u. Èyí tó bá ní “ẹ máa lọ” tí nǹkan sì bàjẹ́, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé ìròyìn. Níbí, àna rẹ gba máàkì lọ́wọ́ mi.

Àmọ́ kí wọ́n má tíì yọ̀. Gbogbo rìákítọ̀ tí wọ́n ṣe ọ́dà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1974, títí ọ̀rúndún yẹn fi parí, kò sí èyí tí wọn ò wọ́gi lé. Ọdún márùn-ún ṣáájú Three Mile Island nìyẹn, kí òfin tó le tó bó ṣe le lẹ́yìn náà. Epo rọ̀bì ti wọ́n gógó ní 1973, àwọn èèyàn ń fowó iná sọ́wọ́, iná tí wọ́n rò pé wọ́n á tà kò tà mọ́, nígbà tó sì yá, èlé owó yíyá gòkè lálá. Ẹni tó ń yáwó kọ́ ohun tó máa gba ọdún mẹ́wàá, èlé ló máa kọ́kọ́ pa á, kí òfin tó dé bá a. Àpẹẹrẹ tí kò tíì pẹ́ ni NuScale, àwọn tó fẹ́ ṣe rìákítọ̀ kékeré. Ìwé tí wọ́n kó fún NRC tó ojú ewé 12,000. NRC fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kọkànlá 2023, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Idaho kú. Iye tí wọ́n fẹ́ máa ta iná rẹ̀ ti fò láti dọ́là 58 dé 89 lórí mẹgawáàtì fún wákàtí kan, àwọn ìlú tó yẹ kó rà á sì ń fà sẹ́yìn. Ìjọba gbà. Ọjà kọ̀.

Kewaunee ní Wisconsin tún dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2011, NRC fún un láṣẹ kó máa ṣiṣẹ́ títí di 2033. Kò ní àbùkù. Ọjà gbangba ló ń ta iná sí, gáàsì sì ti di pọ́ọ́kú. Iléeṣẹ́ tó ni ín gbé e síta fún títà, kò sẹ́ni tó rà á, wọ́n pa á ní oṣù Karùn-ún 2013. Vermont Yankee tẹ̀ lé e ní ìparí 2014. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ohun tí àna rẹ ń fẹ́, tí wọ́n jẹ́ kí ọjà máa dá iye iná, kò sí oníṣòwò kan tó tíì fi owó ara rẹ̀ kọ́ rìákítọ̀ tuntun parí. Pípa ni wọ́n ń pa wọ́n, tàbí kí wọ́n sáré lọ bá ìjọba.

Bí wọ́n ṣe ń sáré lọ náà ni mo ṣe ní kí o má gbàgbé Davis-Besse. Ní 2018, ẹ̀ka FirstEnergy tó ni ín wọko gbèsè. Ní oṣù Keje 2019, ilé aṣòfin Ohio ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní HB6, tí yóò máa gba bí 150 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwọn tó ń lo iná láti fi gbé Davis-Besse àti ìkejì rẹ̀, Perry, dúró. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá àpapọ̀ mú Larry Householder, olórí ilé aṣòfin náà. Owó tó tó 60 mílíọ̀nù dọ́là ló ti gba abẹ́ tábìlì kọjá nítorí òfin yẹn. FirstEnergy gbà láti san 230 mílíọ̀nù, wọ́n fagi lé owó ìrànwọ́ náà ní 2021, Householder sì gba ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ní 2023. Rìákítọ̀ kan ṣoṣo, ìgbà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ìjọba ń ṣàánú oníṣòwò lórí ààbò. Lẹ́ẹ̀kejì, oníṣòwò fowó ra ìjọba lórí iye. Tí ẹ bá tún ń jiyàn lórí ìjọba àti ọjà, Ohio ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ fi Soviet sílẹ̀.

Ó ku bíìlì rẹ. Ní Georgia, kò sí ọjà iná fún ìwọ tó ń gbé ilé. Bó bá jẹ́ Georgia Power ló ń ta iná fún ọ, òun nìkan ló lè tà á fún ọ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n lè kọ́ Vogtle. Ní 2009, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé kí wọ́n máa gba èlé owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ oníbàárà kí rìákítọ̀ náà tó ta iná kankan. Ní 2011 ni wọ́n fi ìlà kan sórí bíìlì yín, “Nuclear Construction Cost Recovery”, ìyẹn owó ìkọ́lé núkílíà. Bóyá o san án láìkà á. Ní Washington, ìjọba àpapọ̀ ṣe onídùúró owó yíyá tó tó bílíọ̀nù 12 dọ́là. Bílíọ̀nù 14 ni wọ́n ní gbogbo iṣẹ́ náà máa ná wọn, kó sì parí ní 2016 àti 2017. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwòrán ò tíì pé, àwọn ègé tí wọ́n rọ ní Louisiana dé lábùkù, Westinghouse tó ń kọ́ ọ wọko gbèsè ní oṣù Kẹta 2017. Nínú tuntun méjì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹyọ kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná ní oṣù Keje 2023, ẹyọ kẹrin ní oṣù Kẹrin 2024, owó rẹ̀ sì ti ju bílíọ̀nù 30 lọ.

Ìkejì rẹ̀ ní South Carolina, V.C. Summer, burú ju tiyín lọ. Wọ́n ná tó bílíọ̀nù 9, wọ́n sì pa á tì ní oṣù Keje 2017. Oníbàárà ń sanwó fún ihò inú ilẹ̀. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà lọ sẹ́wọ̀n, torí ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà ò lè parí lásìkò, ó sì ń sọ fún wọn pé ó ń lọ dáadáa.

Ní oṣù Kejìlá 2023, àjọ tó ń dá iye iná ní Georgia, Public Service Commission, jókòó pín ìyókù ẹrù Vogtle. Nínú ìnáwó Georgia Power, bílíọ̀nù 7.56 bọ́ sórí ẹ̀yin oníbàárà. Èyí tó ju bílíọ̀nù 2 lọ bọ́ sórí àwọn onípìn-ín iléeṣẹ́. Ìyẹn ló fi nǹkan bíi dọ́là 9 lé bíìlì ilé lóṣù nígbà tí ẹyọ kẹrin wọlé. Mi ò ní sọ pé ìyà jẹ yín pátápátá: iná náà dára, kì í rú èéfín, ó sì máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ju ẹ̀mí èmi tí mò ń kọ̀wé yìí lọ. Àmọ́ tí àna rẹ bá ní ọjà ì bá ti kọ́ Vogtle lówó pọ́ọ́kú, kò sí banki kan tó ṣe tán láti yá wọn láìsí ìwọ, oníbàárà tí kò lè sá lọ, gẹ́gẹ́ bí ìdúró. Tí ìwọ náà bá ní kí ìjọba gbà á, ìjọba ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ onídùúró, kò wulẹ̀ gba ìpín nínú èrè ni. Ká ní èmi ni wọ́n bi, ẹni tó bá fẹ́ jèrè núkílíà gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ gbé lára òfò rẹ̀, ìdá tó tóbi tó láti dùn ún, àjọ tó ń yẹ ààbò wò ò sì gbọdọ̀ mọ iye tí ọjọ́ kan tí rìákítọ̀ kú ń ná iléeṣẹ́. Èyí tí Georgia gbé lé àwọn onípìn-ín yẹn, lójú tèmi, kéré sí ohun tó yẹ.

Wọ́n lè fi Microsoft dá ọ lóhùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Microsoft gbà láti ra iná ogún ọdún láti Three Mile Island, rìákítọ̀ àkọ́kọ́ tí kò yọ́, tí wọ́n pa ní 2019 torí kò mówó wọlé mọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Crane báyìí. Ó dára, oníṣòwò ń ra iná lọ́wọ́ oníṣòwò, kò sí bíìlì tìrẹ níbẹ̀. Sọ fún wọn pé ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ náà ní owó yíyá bílíọ̀nù kan dọ́là.

Àwọn márùn-ún tó wà nínú Public Service Commission yẹn, ìbò ni wọ́n fi ń yàn wọ́n ní Georgia. Bí o bá ti gba ìwé ọmọ ìlú, tìrẹ náà kà. Ìjókòó wọn ní Atlanta ṣí fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì máa ń fún àwọn aráàlú láyè láti sọ̀rọ̀. Wá ọjọ́ tí ọwọ́ àna rẹ bá dilẹ̀, kí ẹ jọ lọ. Mú bíìlì dání.